Dígí Abẹ́ Ibùsùn Ìyá

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fà mọ́ra. Ẹni tó bá ń mu tíì lọ́wọ́, kó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ ná, nítorí inú ife tíì ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó há ẹnikẹ́ni lọ́fun. Mo ṣèlérí fún yín pé bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó yẹ ọwọ́ ara yín wò kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá sì rí i pé mo dákẹ́ láàárín, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ìtàn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ máa bojú wẹ̀yìn.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ apoògùn nílé ìwòsàn ńlá kan. Òun ló ni fèrèsé kékeré tí gbogbo aláìsàn ń tò sí. Òun ló ń ka hóró oògùn sínú àpò, tó ń sọ fún wọn pé ẹ lo èyí láàárọ̀, ẹ fi omi púpọ̀ lé tọ̀hún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yá bí ẹnu adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Apoògùn ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé.

Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn náà jókòó, wọ́n ní ìtọ́jú ò tíì pé bí a bá ń tọ́jú ara tí a ò bìkítà nípa ohun tí aláìsàn gbà gbọ́. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń mu àgbo ní kọ̀rọ̀ nílé, wọ́n á wá fi oògùn tiwa lé e lórí, ó sàn kí a gbé àgbo náà wá síbi tí ojú wà. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì gba àgbàlagbà kan tó mọ ewé àti egbò síbẹ̀. Wọ́n rán kóòtù funfun fún un. Apá kóòtù náà gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó máa ń ká a sókè. Bàbá Eléwé ni wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Apoògùn ní eegun. Ó gba ọ̀dọ̀ Dókítà Àgbà lọ, obìnrin tó jẹ́ olórí gbogbo wọn.

"Dókítà, ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìgò bàbá yẹn?"

"Mi ò mọ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbogbo wa máa jókòó pọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí olúkúlùkù sọ ohun tó ń fún aláìsàn."

"Èmi àti ta ni? Èmi ni kí n wá jókòó ti ẹni tó ń fi ẹ̀kúnwọ́ wọn oògùn?"

"Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

"Ẹni tó ti mọ ọ̀nà ńkọ́?" Apoògùn rẹ́rìn-ín. "Kí ni yóò máa béèrè?"

Kò lọ sí ìpàdé náà. Àga rẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó sì ṣófo ní èyí tó tẹ̀ lé e.

*

Ọ̀sán kan báyìí, oòrùn mú bí ẹni pé ó ń wá ẹnìkan. Ìlà aláìsàn ti tán. Apoògùn ń to ìgò sórí pẹpẹ nígbà tí òjìji bo fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa."

Bàbá Eléwé ni. Apoògùn ò gbójú sókè. "Ṣé ewé ti tán nínú igbó ni?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ewé ò tán. Ìbéèrè ni mo gbé wá. Ìyá àgbà kan ń wá sọ́dọ̀ mi. Mi ò lè dárúkọ rẹ̀, ó ti gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu mi. Ó ní òun ò lo oògùn kankan, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lára rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo ní kí n bi yín, oògùn wo lẹ ń fún àwọn arúgbó tí ọkàn wọn ń lù ségesège?"

"Ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mi lójú fèrèsé?"

"Ọmọ mi, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèǹgbè."

"Èmi kì í ṣe ọmọ yín. Pẹpẹ mi yìí, ọwọ́ mi tó o. Ẹ máa lọ sídìí kèǹgbè yín."

Ó fa gíláàsì fèrèsé pa. Bàbá náà ò lọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì náà, ẹnu rẹ̀ sì ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Apoògùn gbọ́ yé: "Ẹ ó wá mi."

Nígbà tó lọ tán, ipa ọwọ́ rẹ̀ wà lójú gíláàsì, ìka márààrún, ó tutù, ó ń dán. Apoògùn fi aṣọ nù ún. Ó yíjú padà sídìí ìgò rẹ̀. Nígbà tó tún bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ náà ti padà síbẹ̀.

*

Ìyá Apoògùn ló ń bá a gbélé. Aṣọ fèrèsé ló fi gbogbo ayé rẹ̀ rán, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ títí di àkókò tí mò ń sọ yìí. Ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé mọ́. Dókítà Àgbà ti kọ hóró kan fún un tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, Apoògùn ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un láràárọ̀, òun àti ife tíì gbígbóná. Kò gbà kí ọmọ ọ̀dọ̀ kankan ṣe é. Ìfẹ́ ni, ẹ má wò ó bí ohun mìíràn.

"Ọkọ mi," ìyá náà a máa wí, "tíì rẹ kò dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ ni mo fi ń mu ún."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn, ìyá na ọwọ́ láti gba ife, apá aṣọ rẹ̀ sì fà sókè. Apoògùn rí i. Àmì kan wà lápá rẹ̀, ó dúdú, ó sì pọ́n bí ìgbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀. Ìka márùn-ún ni, bí ẹni pé ènìyàn kan di apá náà mú, tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Màámi, kí lèyí?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fi apá kọlù."

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ní ìka ni?"

"Bí o bá fẹ́ kó ní ìka, kó ní. Gbé tíì mi fún mi jàre."

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ wà lórí ṣíbí tó fi mu tíì. Ó wá látinú èrìgì rẹ̀. Apoògùn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó mọ̀ pé hóró yẹn lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ́ hóró náà sí méjì, ìdajì ló ń fún un. Àmì náà ò dúró. Ó gun èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ sí itan. "Oògùn mi kọ́," ó wí sínú ara rẹ̀. Kò sì sọ fún Dókítà Àgbà, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìyá apoògùn ni oògùn ń dà láàmú. Òórùn èèpo igi tútù sì ń wá láti yàrá ìyá rẹ̀, ilé tí igi kankan ò sí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ó ń kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun, ilẹ̀kùn yàrá funfun náà sì ṣí díẹ̀. Ó yọjú. Ìyá rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Bàbá Eléwé di apá rẹ̀ mú, ó ń fi ìka tẹ àwọn àmì dúdú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó gba ìgò kan lọ́wọ́ ìyá, ó dìde, ó sì da ohun inú rẹ̀ sínú ihò ìfọwọ́. Omi dúdú ni. Ó ń dà á lọ́ra lọ́ra, ó sì ń mi orí. Lójijì bàbá náà gbójú sókè, ó wo ojú Apoògùn gan-an.

Apoògùn sá. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ní àpò pẹ́ẹ̀nì láyà, ó sá bí ọmọ tó jí nǹkan.

Nígbà tó délé, ó ní, "Màámi, kí lẹ lọ ṣe lọ́dọ̀ bàbá yẹn?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá Eléwé!"

Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ sì wà láàárín eyín rẹ̀. "Èmi? Ta ló máa gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí débẹ̀?"

Irọ́ náà ló já a láyà jù. Ìyá rẹ̀ kì í purọ́ fún un. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé bàbá yẹn ti fi oògùn dì í lẹ́nu.

*

Lẹ́yìn ilé ìtajà ọkùnrin kan tó ń gé gíláàsì fèrèsé, yàrá kan wà. Ìyá ọkùnrin náà ló ń gbé ibẹ̀. Ìyá Onídígí ni wọ́n ń pè é, àwọn tó bá ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í sì í sọ fún ara wọn. Ìrọ̀lẹ́ tí òjò ń rọ̀ ni Apoògùn kan ilẹ̀kùn. Dígí ló kún ara ògiri yàrá náà, gbogbo wọn ló sì kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn wọn nìkan lèèyàn ń rí.

"Há!" ni obìnrin náà wí. "Olóògùn ikọ́! Ṣebí ìwọ lo fún mi ní ti inú ìgò, tó korò bí ìbínú? Ìwọ náà ti wá?"

Ojú ti Apoògùn títí dé etí. "Ìyá mi ló ń kú lọ."

"Kí lo wá fẹ́? Ṣé kí n pa ẹnìkan ni?"

"Rárá o! Mo fẹ́ kí ẹ dá a dúró. Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ mi..."

"Má dárúkọ!" Ó gbé ọwọ́ sókè. "Bí o bá dárúkọ, orúkọ ni yóò lọ bá, orúkọ a sì máa jọra. Dígí kì í wá orúkọ. Ọwọ́ ló ń wá. Sọ ọwọ́ tó o fẹ́ fún un."

Ó fa àfọ́kù dígí kan yọ, ó ní kó fi ẹnu sún mọ́ ọn. Apoògùn rí èémí ara rẹ̀ tó bo ojú dígí.

"Ọwọ́ tó ń fún ìyá mi ní ohun tó ń pa á," ó wí, "kí ọwọ́ náà rọ."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

"Ta ni yóò gbà á padà?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní gbà á padà."

Nǹkan kan lu ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn dígí ara ògiri, kó. Obìnrin náà ò wo ibẹ̀. Ó fi aṣọ dúdú wé àfọ́kù náà. "Fi sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí o dojú rẹ̀ bolẹ̀. Má wò ó títí yóò fi pè ọ́." Ó gbé ìdì ìyẹ̀fun kan fún un. "Èyí ni ààbò ìyá. Fi orí ìka bù ú sínú tíì láràárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn án, má jẹ́ kí dókítà gbọ́. Tí ẹnu bá tú u, ohunkóhun tó bá ti rọ, rírọ ló máa rọ títí ayé."

Ẹ wò ó o. Ọkùnrin tó ń fi gbogbo ẹnu béèrè pé kí ló wà nínú ìgò Bàbá Eléwé, kò béèrè ohun tó wà nínú ìdì yẹn. Ó fi sápò, ó sì dúpẹ́.

*

Ó gbé dígí sábẹ́ ibùsùn. Ó po ìyẹ̀fun mọ́ tíì. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀ pé ààbò wà, ó dá hóró oògùn padà sí odidi.

Bó ṣe ń po tíì àkọ́kọ́ yẹn, orí ìka rẹ̀ tutù. Ó rò pé afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ni.

Nígbà tó yá, ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú fèrèsé, hóró pupa sì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà ń bá a ṣa. "Apoògùn, ṣé ọwọ́ yín ti ń sùn ni?" ni obìnrin kan wí, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó fún àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ra, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ó dà bíi pé àtàǹpàkò ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ti mọ̀ pé mo gbéra. Ó ń jà padà."

Ara ìyá ń burú sí i. Ẹ̀jẹ̀ ń wá láti imú rẹ̀, ìrọ̀rí ń pọ́n. Apoògùn sọ ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mejì. Láàárọ̀ tó fi méjì sí i, òtútù náà gun ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ di mẹ́ta. Òtútù dé ìgbúnwọ́. Ní yàrá ìyá rẹ̀, òórùn èèpo tútù ń rọ́ jáde. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì jókòó ti ibùsùn náà, á gbọ́ nǹkan lábẹ́ rẹ̀, kín-ín, kín-ín, bí èékánná lára gíláàsì. Ìyá náà gbọ́ ọ.

"Ọkọ mi, eku wà lábẹ́ ibí."

"Kì í ṣe eku, Màámi. Ẹ sùn."

"Bí kì í bá ṣe eku, kí ló mọ orúkọ rẹ?"

Apoògùn jókòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Bàbá Eléwé dá a dúró. "Mo rí i pé ẹ ń di ọwọ́ yín mú. Kí ló ṣe é?"

"Ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n."

Bàbá náà wò ó pẹ́. "Ìyá yín ńkọ́?"

"Ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹnu yín dárúkọ ìyá mi! Ẹ gbọ́? Ọwọ́ tó ń dà á láàmú, rírọ ló máa rọ!"

Àwọn nọ́ọ̀sì yíjú. Bàbá Eléwé ò bínú. Ojú rẹ̀ bà jẹ́ bí ojú ẹni tó rí iná lórí òrùlé ẹlòmíràn, tí onílé sì ń bú u pé kí ló ń wò.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Iná lọ, òjò sì ṣú. Apoògùn gbọ́ bí ife ṣe ṣubú ní yàrá ìyá rẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ìyá náà dorí kọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ń bì, ohun tó ń bì sì dúdú. Lábẹ́ ibùsùn, ìró náà kò rọra mọ́. Ó ń kàn án, kó, kó, kó, bí àlejò tó mọ̀ pé onílé wà nínú ilé.

Ẹnìkan sì ń kan ilẹ̀kùn ìta pẹ̀lú.

Ó ṣílẹ̀kùn. Bàbá Eléwé ló dúró nínú òjò, kóòtù funfun náà lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ìyá ò wá lọ́jọ́ tí mo ní kó wá kí n yẹ apá rẹ̀ wò," ó wí. "Mo ti yẹ ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ fún un. Ìyá yín ni mo bi yín léèrè lójú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n wọlé."

"Ẹ ti pa á tán, ẹ wá wo òkú ni?"

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò tíì kú!"

"Ta ni à ń bá jà lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà?" Bàbá náà gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. Apoògùn gbé ọwọ́ ọ̀tún láti fà á padà. Ọwọ́ náà ò gbéra.

Bàbá Eléwé kúnlẹ̀ ti ìyá, ó gbé orí rẹ̀ sórí itan. "Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ní kí n má sọ fún ọmọ òun, ọmọ òun á bínú pé òun mu àgbo. Mo bi í bóyá ó ń lo oògùn òyìnbó, ó ní rárá. Mo fún un ní àgbo èèpo. Lọ́jọ́ tí mo rí àmì ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, mo gba ìgò náà, mo dà á nù. Ẹ rí mi. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ rí mi! Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ ò kan nǹkan mi mọ́. Kí ló ń mu?"

"Hóró tí dókítà kọ. Kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì."

Bàbá náà di ojú. "Ọlọ́run mi. Èèpo yẹn náà ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Olóore méjì pàdé nínú ara kan, wọ́n di apànìyàn. Ṣùgbọ́n mo ti dá tèmi dúró, ó yẹ kó ti máa sàn. Kí ló tún ń mu?"

Ife tíì wà nílẹ̀ níbi tó ṣubú sí. Bàbá Eléwé gbé e, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án.

"Èèpo yẹn kan náà ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì le ju tèmi lọ. Ta ló ń fún un?"

Ìró abẹ́ ibùsùn dáwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ náà ló burú jù. Apoògùn dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ òsì wọ abẹ́ ibùsùn, ó fa aṣọ dúdú náà jáde, ó sì tú u. Bí ìtànṣán ojú ọ̀run ti kù díẹ̀ lójú fèrèsé, ó wo inú dígí.

Kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí ojú tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kan ló wà níbẹ̀, ó di ṣíbí tíì mú, ó ń po nǹkan yí po, yí po, bí ẹni tó ń ṣe ohun tó fẹ́ràn.

Ẹ̀yin ará mi, dígí ni. Ẹni tó gbé dígí lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò rí, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi gbé e, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹja tó ti kú.

*

Bàbá Eléwé ló gbé ìyá pọ̀n nínú òjò dé títì, tí wọ́n fi rí ọkọ̀ kan dá dúró. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Dókítà Àgbà ti gbé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Kí ló lò?" ó wí. "Gbogbo rẹ̀ o. Bí mo bá ṣì í, a ó pàdánù rẹ̀."

Bàbá Eléwé ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀: orúkọ èèpo náà, bó ṣe sè é, ìgbà tó dá a dúró. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó wá wo Apoògùn.

Ohùn Ìyá Onídígí ń dún létí Apoògùn: tí ẹnu bá tú u. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń ka oògùn ni, ọwọ́ tó fi jẹ́ ẹni tó jẹ́. Bó bá dákẹ́, bóyá yóò padà. Bóyá abẹ́rẹ́ náà yóò sì bá ibi tó yẹ pàdé láìjẹ́ pé ó sọ nǹkan kan. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ dúró yí i ká. Ìyá rẹ̀ mí, èémí náà sì pẹ́ kó tó padà.

"Èmi ni," ó wí. "Mo lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan. Mo gba ìyẹ̀fun, mi ò bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń pò ó mọ́ tíì rẹ̀. Mo tún sọ hóró di odidi lé e lórí. Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi yìí ni."

Bó ti wí bẹ́ẹ̀, nǹkan kan fọ́ nínú àpò tó ti ju dígí náà sí, ṣáá. Nígbà tó fi ọwọ́ òsì wádìí, dígí náà ti di iyanrìn.

Dókítà ò bú u. Kò sí àyè èébú. Ó fún ìyá ní ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára, Bàbá Eléwé àti Apoògùn sì jókòó sórí àga kan náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìyá yè. Nígbà tó lajú, tó rí àwọn méjèèjì tí wọ́n dúró tì í bí olè méjì tí ọwọ́ tẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," ó wí, "ẹsẹ̀ ni mo ní ó ń dùn mí o. Ẹsẹ̀ lásán."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ò padà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, wọn ò rí ohunkóhun tó ṣe é. Bàbá Eléwé fi ewé tútù dì í, ó tú u, ó mi orí. "Èyí kì í ṣe àìsàn," ó wí. "Ìdáhùn ni. Ẹ béèrè ọwọ́, wọ́n fún yín ní ọwọ́."

Wọ́n gba fèrèsé kúrò lọ́wọ́ Apoògùn fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó sì tọrọ àforíjì títí, wọ́n dá a padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan mọ́. Wọ́n gbé tábìlì Bàbá Eléwé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ló ń bá a ṣí ìdérí ìgò, òun ló sì ń bá Bàbá kọ ìwọ̀n àgbo. Wọ́n ṣì máa ń jà. Ọ̀kan á ní, "Ẹ̀kúnwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n!" èkejì á ní, "Ẹ ṣí ìgò yín fúnra yín nígbà náà." Kò sì sí hóró kan, kò sì sí ìgò àgbo kan, tó ń kọjá níbẹ̀ láìjẹ́ pé Apoògùn kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lẹ tún ń lò nílé?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn náà, ló sọ ìtàn yìí fún mi. Ó ní lọ́jọ́ tí ikọ́ mú òun, òun lọ sójú fèrèsé yẹn. Apoògùn bi í léèrè kí ló tún ń lò. Ìgò kékeré kan sì wà ní ìdí ìró rẹ̀ nígbà náà, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un. Ó ní, "Mi ò lo nǹkan kan." Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà wà lórí pákó fèrèsé, kò gbéra, kò ṣiṣẹ́, bó ṣe máa ń wà. Ṣùgbọ́n gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ipa ìka márùn-ún sì yọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Apoògùn ò wo gíláàsì náà. Ojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde."

Ó gbé e jáde. Ohun tó rí ló sọ fún mi, èmi náà ti sọ ọ́ fún yín. Ẹ lè gbé ife yín báyìí. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó pò ó.